Kí ló dé tí ẹgbẹ́ Conservative UK ò fi rí ìbò mú ní London àtàwọn ìlú ńlá mọ́? Ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú UK bá ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, pàápàá látìgbà tí Kemi Badenoch ti di olórí ẹgbẹ́ Conservative (Tory làwọn míì ń pè wọ́n), ìbéèrè kan náà ló máa ń wá: ṣebí ẹgbẹ́ àtayébáyé ni, ṣebí àwọn náà ló ń ṣèjọba láti 2010 títí di 2024, kí ló wá dé tí ẹni tó ń gbé London, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́, tó jẹ́ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí kì í ṣe alákatakítí, ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn mọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an torí mi ò rò pé ó dáa kí ẹgbẹ́ ńlá kan má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbi tí èèyàn pọ̀ sí jù lórílẹ̀-èdè, torí náà mo kó àwọn ìbéèrè yẹn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bó ṣe yé mi.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò rọ́wọ́ mú ní ìlú ńlá, àbí ariwo lásán ni?

Òótọ́ ni o. Ní December 2019 wọ́n mú ìjókòó 365 nílé aṣòfin, ìṣẹ́gun gidi nìyẹn, síbẹ̀ nínú ìjókòó 73 tí London ní nígbà yẹn, 21 péré ni wọ́n mú. Nígbà tó di July 4, 2024, gbogbo UK pátá, 121 ni wọ́n rí, wọn ò kéré tó bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìjókòó London ti di 75 nígbà yẹn, mẹ́sàn-án ló kù sí wọn lọ́wọ́, Labour, ẹgbẹ́ ńlá tó ń bá wọn du ipò, kó 59, ẹgbẹ́ Liberal Democrats kó mẹ́fà, Jeremy Corbyn, olórí Labour tẹ́lẹ̀ tó dá dúró, mú ọ̀kan.

Èyí tó dùn wọ́n jù ni Cities of London and Westminster, ibi tí báńkì àgbà wà, ibi tí ilé aṣòfin fúnra ẹ̀ wà. Látìgbà tí wọ́n ti dá àgbègbè ìdìbò yẹn sílẹ̀ ní 1950 ọwọ́ Tory ló wà, Labour gbà á ní 2024. Ọdún méjì ṣáájú, ní May 2022, Labour ti gba káńsù Westminster tí wọn ò gbà rí láti 1964 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n tún gba Wandsworth tó ti wà lọ́wọ́ Tory láti 1978.

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní London ó tún burú jùyẹn lọ. Manchester, láti 1987 ni wọ́n ti pàdánù ìjókòó tó kẹ́yìn tí wọ́n ní nínú ìlú náà. Liverpool, láti 1983. Glasgow, láti 1982, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 1955 ó lé ní ìdajì ìbò gbogbo Scotland tó jẹ́ tiwọn. Kì í ṣe àná lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ta lẹ̀ ń pè ní oníwọ̀ntúnwọ̀nsì gan-an?

Kì í ṣe ẹni tí kò lérò o. Ẹni tó ń san owó orí ẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n fi kún un ni, tó fẹ́ kí ọlọ́pàá wá tí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀, tó fẹ́ kí NHS, ètò ìlera ìjọba, ṣiṣẹ́, tí kò sì bìkítà nípa ẹni tí aládùúgbò ẹ̀ ń fẹ́ tàbí ibi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aládùúgbò mi kan, ẹni ọdún 38. Ṣọ́ọ̀ṣì ò yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sunday, kò fẹ́ràn gbèsè, ó gbà pé ẹni tára ẹ̀ bá le gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, inú sì máa ń bí i tó bá rí àwọn tó ń jí ọjà kó nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni ò mú wọn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lásán ẹ ó sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ Conservative ni. Kò tíì dìbò fún wọn rí láyé ẹ̀. Irú wọn ni mò ń sọ, wọ́n sì pọ̀ jọjọ.

Ṣé Brexit kọ́ ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?

Brexit, ìyẹn bí UK ṣe kúrò nínú EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, dá kún un, àmọ́ egbò yẹn ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 2002 Theresa May, alága ẹgbẹ́ nígbà yẹn, dìde níbi ìpàdé gbogbogbòò wọn ní Bournemouth, ó sì sọ fún wọn lójú ara wọn pé ẹ̀yin mọ ohun táwọn èèyàn ń pè wá, ẹgbẹ́ ọ̀dájú. Ó gba ìgboyà kéèyàn tó sọ irú ẹ̀ nílé ara ẹ̀. David Cameron tó di olórí ní 2005 gbìyànjú láti wẹ àbàwọ́n yẹn kúrò, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àyíká, ó ń wá obìnrin àtàwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tó máa dupò, ó sì gbé òfin ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin lọ sílé aṣòfin ní 2013. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba òfin yẹn tàbí kó má gbà á, ohun tí mo ní kẹ́ ẹ wò ni pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò lé e lórí, àwọn aṣòfin Cameron fúnra ẹ̀ tó tì í lẹ́yìn jẹ́ 127, àwọn tó ta kò ó jẹ́ 136. Orí ẹgbẹ́ ń wo iwájú, ara ń wo ẹ̀yìn.

Bó ṣe di June 2016 nìyẹn, UK ní àwọn ń kúrò ní EU pẹ̀lú 51.9 pásẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ní London ìdá 59.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n dúró, Lambeth tiẹ̀ tó 78.6. Manchester àti Bristol náà lé ní ọgọ́ta. Kì í ṣe gbogbo ìlú ńlá ṣá o, Birmingham àti Sheffield ní kí wọ́n máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíńtín ni wọ́n fi jura wọn lọ. Lóṣù October ọdún yẹn, Theresa May kan náà tó ti di olórí ìjọba wá sọ pé tẹ́ ẹ bá gbà pé ọmọ gbogbo ayé ni yín, ẹ kì í ṣe ọmọ ibì kankan. Ẹ wò ó, nínú ìlú tí bí èèyàn mẹ́rin nínú mẹ́wàá jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sókè òkun, ta ló rò pé òun ń bá wí? Obìnrin tó kìlọ̀ nípa ẹgbẹ́ ọ̀dájú ní 2002 ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ìgbà tó wá di September 2019, Boris Johnson tó ti di olórí ìjọba lé aṣòfin 21 kúrò nínú àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo torí wọ́n ta ko kí UK kúrò ní EU láìsí àdéhùn. Kenneth Clarke wà níbẹ̀, Philip Hammond tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó wà níbẹ̀, Rory Stewart wà níbẹ̀, Nicholas Soames tó jẹ́ ọmọ ọmọ Winston Churchill pàápàá wà níbẹ̀. Wọ́n gba mẹ́wàá padà lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹni tó ń wo ọ̀rọ̀ láti ìta ti rí ohun tó rí. Tó bá jẹ́ pé irú àwọn yẹn gan-an ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ ronú pé ẹ lè dìbò fún ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n wá tì wọ́n síta, ẹ̀yin náà ti gbọ́ tiyín nìyẹn.

Òwò tí wọ́n ṣe ní 2019 ni pé wọ́n gba àwọn ìlú kéékèèké òṣìṣẹ́ níhà àríwá, ibi bíi Bolsover àti Sedgefield, wọ́n sì fi ibi bíi Putney àti St Albans dí i. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà tàríwá bọ́ lọ, ti ìlú ńlá ò padà wá.

Kí wá ni ohun tó tóbi jù nínú gbogbo ẹ̀?

Ilé. Mo mọ̀ pé àwọn míì á sọ pé Partygate ni, ìyẹn àríyá tí wọ́n ṣe nílé ìjọba nígbà ìsémọ́lé Kòrónà, tàbí ọ̀rọ̀ àjèjì ni, àmọ́ èmi ò kúrò lórí ilé o.

Ẹ ronú sí i. Ẹgbẹ́ tó ń pe ara ẹ̀ ní Conservative, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó bá ọ dáàbò bo ohun tó o ti ní, ilé ẹ, owó tó o fi pamọ́, ogún tó o fẹ́ fi sílẹ̀ fọ́mọ. Ẹni tí kò ní ilé ńkọ́? Ẹni ogójì ọdún tó ṣì ń pín kíṣìnì lò pẹ̀lú àjèjì mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ bá a dáàbò bò?

Margaret Thatcher mọ èyí dáadáa. Òfin 1980 tó jẹ́ kí ẹni tó ń gbé ilé káńsù lè ra ilé náà ní ẹ̀dínwó ńlá sọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń dìbò fún Labour láti ìran wọn di onílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di olùdìbò Tory. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ilé tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn ò ṣe ni pé wọn ò kọ́ òmíràn dípò èyí tí wọ́n tà, àtúbọ̀tán ẹ̀ ló wà lọ́rùn àwọn ọmọ àwọn tó rà á.

Àjọ YouGov tó máa ń ṣe ìwádìí ìbò ṣírò ọjọ́ orí tó jẹ́ pé téèyàn bá ti kọjá ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dìbò fún Conservative ju Labour lọ. Ní 2019, ọdún 39 ni. Ní 2024 ó ti di 63. Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń sọ pé ẹ fọmọdé sílẹ̀, tó bá dàgbà tó níyàwó tó sì ra ilé á di Tory. Wọ́n dàgbà lóòótọ́, ilé ni wọn ò rà.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ o. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlérí 2019 pé àwọn máa dé orí kíkọ́ ilé 300,000 lọ́dún. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà tó di December 2022 àwọn aṣòfin wọn láti àwọn àgbègbè ọlọ́lá, Theresa Villiers ló ṣíwájú wọn, fárígá pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi dandan kọ́ ilé sí àdúgbò àwọn, ìjọba sì gbà, àfojúsùn tí wọ́n ti fi dandan lé káńsù lọ́wọ́ wá di ìmọ̀ràn lásán. Ẹ rí bí wọ́n ṣe há sáàárín: onílé tó ń dìbò fún wọn lónìí ò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé, ẹni tí wọ́n fẹ́ kó dìbò fún wọn lọ́la ò lè rílé àfi tí wọ́n bá kọ́ ọ.

Ti ayálégbé náà wà ńbẹ̀. Òfin kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Section 21, òun ni lánlọ́ọ̀dù fi máa ń lé èèyàn jáde láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ní April 2019 ìjọba Conservative ṣèlérí pé àwọn máa pa á rẹ́. Wọ́n pe ìbò 2024, wọn ò tíì pa á rẹ́, Labour ló wá fi òfin Renters' Rights Act ṣe é ní 2025. Aládùúgbò mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kó ẹrù láàárín ọdún mẹ́fà, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó ilé rí.

Àwọn tó tiẹ̀ rílé rà ńkọ́? September 23, 2022, ìjọba Liz Truss kéde pé àwọn máa dín owó orí kù lọ́nà tó pọ̀ láìsọ ibi tí owó tó máa dí i ti máa wá, pọ́n-ùn já wálẹ̀, èlé mọ́gééjì ọlọ́dún méjì kọjá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 49 péré ni Truss lò lórí àlééfà. Láti ìgbà pípẹ́ ẹni tí kò fẹ́ràn Tory á ṣì sọ pé ó kéré tán wọ́n mọ owó ná. Gbólóhùn yẹn nìkan ló kù fún wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́.

Ṣebí Boris Johnson wọlé ní London lẹ́ẹ̀mejì, báwo ló ṣe ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni, 2008 àti 2012 ló wọlé ṣe méyọ̀, ìlú tí Labour pọ̀ sí. Boris tìgbà yẹn kì í ṣe Boris Brexit. Ó ń gun kẹ̀kẹ́, ó ń yin àwọn àjèjì, ó ń fi London yangàn nígbà Olympics. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ràn ìlú náà, ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí nìyẹn, torí àwọn tó tẹ̀ lé e, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n wá bá ìlú jà.

Ní 2016 Zac Goldsmith tó ń dupò méyọ̀ fún Conservative ń gbìyànjú láti so Sadiq Khan ti Labour pọ̀ mọ́ àwọn alákatakítí ẹ̀sìn torí pé Mùsùlùmí ni, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀ gan-an, bíi Sayeeda Warsi, bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó fìdí rẹmi. Shaun Bailey náà fìdí rẹmi ní 2021. Ó wá di July 2023, wọ́n dìbò àfirọ́pò ní Uxbridge níwọ̀ oòrùn London, Conservative fi ìbò 495 péré ju Labour lọ wọlé torí wọ́n ta ko ULEZ, ìyẹn £12.50 tí mọ́tò àtijọ́ tó ń rú èéfín máa ń san lóòjọ́. Inú wọn dùn, wọ́n ní ọ̀nà ti là, Susan Hall gbé ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí lérí dupò méyọ̀ ní May 2024, Khan sì fi ohùn tó lé ní 275,000 nà án. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tí owó ilé ti fẹ́ẹ̀ gba ìdajì owó oṣù ẹ̀, tó sì jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò kọ́ lẹ máa fi fà á mọ́ra.

Ẹni tó máa ń ká mi lára jù nínú ìtàn yìí ni Andy Street. Ó ti ṣe ọ̀gá pátápátá ní ilé ìtajà ńlá John Lewis kó tó di méyọ̀ West Midlands ní 2017, Birmingham wà níbẹ̀, Coventry wà níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ Tory rárá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ilé ló ń sọ lójoojúmọ́, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ní October 2023 Rishi Sunak lọ sí Manchester, nínú gbọ̀ngàn tó jẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ti kéde pé rélùwéè HS2 ò ní dé Manchester mọ́. Street bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Oṣù méje lẹ́yìn ẹ̀ Street pàdánù ipò ẹ̀, ìbò 1,508 péré ni wọ́n fi jù ú lọ. Orúkọ tiẹ̀ ò bàjẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ tó wà níwájú ẹ̀ ló wọ́ ọ lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjèjì àti físà ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé UK lọ́nà òfin lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò yan aṣòfin, kò dìgbà tó bá di ọmọ onílẹ̀. Nàìjíríà wà nínú ẹ̀. Torí náà ìpinnu nípa físà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lóhùn.

Ní 2018 àṣírí tú pé ìjọba ti ń yọ àwọn ará Caribbean tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré lẹ́nu, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kan, wọ́n dá àwọn míì padà, ìyẹn Windrush. Ní March 2024 wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ò lè mú ọkọ tàbí aya àtọmọ wá mọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó iṣẹ́ ọdún kan tí físà iṣẹ́ ń béèrè fò láti £26,200 sí £38,700. Ẹni tó jẹ́ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì lè gbà pé ó yẹ kí ìjọba ka iye èèyàn tó ń wọlé, aládùúgbò mi gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ obìnrin tó ń fọ ìdí ìyá aládùúgbò mi nílé àwọn arúgbó ni wọ́n ní kó fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ sílé, aládùúgbò mi mọ orúkọ obìnrin yẹn, ó mọ orúkọ ọmọ náà. Ní ìlú ńlá, àjèjì kì í ṣe àwòrán inú ìwé ìròyìn, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ni.

Kemi Badenoch ńkọ́? Ṣé ọmọ wa ò ní yí i padà?

Wimbledon ni wọ́n bí i sí, Lagos ló ti dàgbà. Dúdú ni, obìnrin ni, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú lásán ni wọ́n ń wò, ìlú ńlá ì bá ti tẹ̀ lé e. Ojú kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹgbẹ́ yìí ló kọ́kọ́ ní obìnrin olórí ìjọba, mẹ́ta ni wọ́n ti ní báyìí, Rishi Sunak tó jẹ́ ìran Íńdíà náà ti ṣe é, ó sì yẹ ká yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ìṣòro wà níbi tí wọ́n ti ń yan olórí. Ní October 2024 James Cleverly, tí àwọn oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fẹ́ràn jù, ló ṣíwájú nígbà tí àwọn aṣòfin dìbò, lọ́jọ́ kejì wọ́n tún dìbò, ó já. Badenoch àti Robert Jenrick tí àwọn méjèèjì wà lápá ọ̀tún, ìyẹn apá àwọn tó le jù nínú ẹgbẹ́, ló kù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá dìbò, 53,806 sí 41,388. Kò tó 100,000 èèyàn tó dìbò yẹn lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn dàgbà ju àwọn ará ìlú lọ, wọ́n sì le ju wọn lọ lórí ọ̀rọ̀ EU àti àjèjì. Ẹni tó bá fẹ́ dé ipò gbọ́dọ̀ wu àwọn yẹn ná.

Lóòótọ́, ní October 2025 ó ní tí àwọn bá wọlé àwọn máa fagi lé stamp duty, owó orí téèyàn ń san tó bá ra ilé tó máa gbé. Ìyẹn dáa, ìyẹn lè kan aládùúgbò mi lọ́jọ́ kan. Àmọ́ lóṣù kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn máa kúrò nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ó sì jọ pé èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́.

Ṣé kì í ṣe Reform ló ń kó ìbò wọn? Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ìlú ńlá?

Ibi tó ti le gan-an nìyí. Ní 2024 Reform, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún ti Nigel Farage, mú 14.3 pásẹ́ǹtì ìbò, torí náà ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ń sọ pé ẹ jẹ́ ká sáré lọ sápá ọ̀tún ká gba àwọn èèyàn wa padà. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà Liberal Democrats mú ìjókòó 72, ẹ sì wo ibi tí díẹ̀ nínú ẹ̀ wà: Witney tó jẹ́ ti Cameron tẹ́lẹ̀, Maidenhead tó jẹ́ ti May, Henley tó jẹ́ ti Johnson nígbà kan. Àwọn ará ibẹ̀ ò di kọ́múníìsì, wọ́n lówó, wọ́n kàwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó kúrò ní London ni, wọ́n sì kó ìwà ìlú ńlá wọn dání. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ẹgbẹ́ yìí ò sì tíì yan èyí tó ń lé.

Ṣé UK nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀?

Rárá. Ní Australia, ẹgbẹ́ Liberal tó jẹ́ pé àwọn ni Conservative tiwọn pàdánù àwọn àdúgbò olówó ní Sydney àti Melbourne ní 2022 sọ́wọ́ àwọn obìnrin tó dá dúró, mínísítà ìnáwó wọn Josh Frydenberg bá a lọ. Ní 2025 olórí wọn Peter Dutton pàdánù ìjókòó tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ní ẹ̀yìn odi Brisbane.

Ṣé ìlú ńlá ti wá tilẹ̀kùn mọ́ wọn pátápátá nìyẹn?

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbègbè kan ṣoṣo tí Conservative ti gbà ju ìdajì ìbò lọ ní 2024, London ló wà, Harrow East, ibi tí àwọn ọmọ Íńdíà pọ̀ sí, tí Bob Blackman ti ń bá wọn ṣe láti 2010, ó mọ ayẹyẹ wọn, ó mọ ìṣòro wọn. Ìjókòó kan ṣoṣo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Labour lọ́jọ́ yẹn, inú ìlú Leicester náà ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò Labour tó fọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ bá àwọn ará ìlú gbé ṣì lè rí ìbò gbà lọ́wọ́ wọn.

Kó tó di ìbò 2024, àwọn tó ń pín ìwé ìpolongo Conservative kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi. Ó ní ọmọ tó bá òun sọ̀rọ̀ níwà ọmọlúwàbí, ó bi òun pé kí ló jẹ òun lógún jù, òun sì sọ fún un pé òun fẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní lé òun jáde níbẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tó fi lé e lọ́wọ́, mo kà á nígbà tó gbé e wá fún mi, ojú ìwé méjì ni, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi àwọn àjèjì àti £12.50 mọ́tò ló kún inú ẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ ilé níbẹ̀.